Omi Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ Ajé, 13/7/98

Mo ti fi orúkọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà yí i padà lọ́la. Ọ̀gá Gbádébọ̀ tó kọ́ wa ní àwòrán yíyà ní sẹ́kọ́ńdírì fẹ́ ṣí ilé ìtẹ̀wòrán sí ẹ̀bá ọ̀nà Adó. Ènìyàn mẹ́ta péré ni yóò gbà síṣẹ́, wọn óò máa kọ́ṣẹ́, wọn óò sì máa gba owó oṣù. Àwa mẹ́sàn-án la ń dù ú. Kálukú yóò gbẹ́ pátákó kan, yóò fi yíǹkì pa á, yóò tẹ àwòrán kan láti ara rẹ̀, yóò sì gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú, síwájú àwọn mẹ́ta tí yóò yàn ẹni tó yege, ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án.

Àwọn mẹ́jọ yòókù, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àwọn kan nínú wọn ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi kò kọjá sẹ́kọ́ńdírì, mo sì ní ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ́mú.

Ọ̀gá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní pépà Jàpáànì méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ó ní èèpo igi ni wọ́n fi ṣe é, pé kí ẹnikẹ́ni má padà wá bèèrè ẹ̀kẹta. Mo ti kì wọ́n sáàrin Bíbélì ńlá.

Ọjọ́ Ẹtì, 17/7

Lẹ́tà Timothy, ọkọ mi, dé láti Mushin. Ó ní, "Tí wọ́n bá mú ọ, mo gbà, dúró ní Ìkẹ́rẹ́ kí o ṣiṣẹ́ rẹ. Tí wọn ò bá mú ọ, kí ìwọ àti Precious wá bá mi kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Mo ti bá Àǹtí Mercy sọ̀rọ̀, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a tajà ní ṣọ́ọ̀bù."

Kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, n kò rí ibi tí màá ti bá a jà. Mo ti dé yàrá rẹ̀ ní Mushin lẹ́ẹ̀kan. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 19/7

Ọ̀gá yá mi ní ìwé iṣẹ́ Hisae, obìnrin Jàpáànì kan tó ń gbẹ́ pátákó, fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi pẹ́ńsù kọ ìtumọ̀ sí etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán an lọ kàwé ní Jàpáànì, oṣù mẹ́jọ ló gbé nílé obìnrin náà.

Ìlú apẹja ni wọ́n bí Hisae sí, níbi tí òjò dídì ti ń bo òrùlé mọ́lẹ̀. Ogun pa ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn. Pátákó tó fi ń gé ẹja ní ilé ìdáná ló kọ́kọ́ gbẹ́, torí kò rí igi mìíràn. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn sọ fún un pé obìnrin lè kun ọ̀dà, ṣùgbọ́n kì í gbẹ́ igi. Ó gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ obìnrin tó ń pọnmi, obìnrin tó ń sá ẹja, obìnrin tó ń fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta kí ẹnikẹ́ni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri fún àwọn ènìyàn láti wò. Kò lo ẹ̀rọ rí. Ọwọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi èèpo ọparun wé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ṣì ń gbẹ́.

Màmá, ìyá Timothy, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo fọ́tò rẹ̀ títí.

"Obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín."

"Iṣẹ́ ló ń ṣe, Màmá."

"Èmi náà ń ṣuṣẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń bá a gbọ́mọ?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wà."

Ó tún wò ó. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó dá ìwé padà fún mi jẹ́jẹ́.

Ọjọ́rú, 22/7

Mo lọ sí Ìṣẹ́ lọ wá igi. Ọgbọ̀n náírà ni ọkọ̀ gbà, torí ọ̀wọ́n bẹntiróòlù. Bàbá Bámgbóyè, àbúrò bàbá mi, wà ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ìjòyè kan.

"Pátákó? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọmọ́rìnsọ́lá. Nínú ulé yìí, kò sí obìnrin tó mú irin ìgbẹ́nà rí. Ká ní bàbá rẹ wà láyé, èmi ni ì bá kọ́kọ́ lù."

"Bàbá mi kò sí mọ́. Ẹ̀yin ni mo ní."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan àwọn pátákó tó wà lókè àjà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ wọn bí ẹni tó ń ra iṣu. Ó fa ọ̀kan jáde, igi ọmọ̀, ó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó sì fẹ̀ bí Bíbélì ńlá. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta lèyí ti wà lókè. Má jẹ́ kí òjò fọwọ́ kàn án." Ó kó irin mẹ́ta lé e. "Mo yá ọ ni o. N kò fún ọ."

Mo fi wúrápà mi wé pátákó náà bí ọmọ. Precious wà lẹ́yìn, pátákó wà ní iwájú. Nínú ọkọ̀, ìyá kan bi mí bóyá ìbejì ni.

Ọjọ́bọ̀, 23/7

Mo ti mọ ohun tí màá gbẹ́. Èmi ni, lórí ìkúnlẹ̀, mo pọn Precious, mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo sì fi ọwọ́ kejì gbé igbá omi fún Màmá bó ṣe ń ti oko dé. Òkè Olósùnta wà lẹ́yìn wa.

Màmá gbà láti jókòó kí n yà á. Kò gbà láti dákẹ́. "Má ya ọrùn mi bí ti tòlótòló o."

Àbámẹ́ta, 1/8

Òjò láti àárọ̀. Mo ń gbẹ́ nígbà tí Precious bá sùn lọ́sàn-án, wákàtí kan, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Igi náà rọ̀, ó sì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé irin lòdì sí ojú rẹ̀, yóò ya. Mo gé àtàǹpàkò mi. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí òkè Olósùnta.

Ọjọ́ Ajé, 3/8

Ara Precious gbóná. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4/8

Ó ṣì gbóná. A lọ sí ọsibítù, ibà ni wọ́n pè é, wọ́n fún wa ní oògùn. Mo ń rò ó pé bóyá eruku igi ni. Bóyá mo gbé e sún mọ́ iṣẹ́ jù. Bóyá Timothy ló mọ ohun tó dára.

Ọjọ́bọ̀, 6/8

Ó ti ń mu ọmú. Ó fi eyín rẹ̀ tuntun gé mi jẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Ọjọ́ Ajé, 24/8

Mo parí rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó lé. Etí aṣọ Màmá nìkan gba ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe ohun ìtẹ̀ tèmi náà: mo ká okùn pẹlẹbẹ, mo fi èèpo àgbàdo gbígbẹ wé e, nítorí n kò rí èèpo ọparun. Dúdú ìdí ìkòkò àti sítáàṣì ni yíǹkì mi.

Ọjọ́rú, 26/8

Mo tẹ ọ̀kan sórí pépà sìmẹ́ǹtì, mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Ó dìde kúrò lórí àga.

"Ta ló kọ́ ọ láti fi ìlà tínínrín yìí ṣe irun?"

"Kò sí, sà."

"Ọmọ́rìnsọ́lá, o lè wọlé. N kò sí lára àwọn mẹ́ta tí yóò yàn, ṣùgbọ́n mo lójú."

Láti ibẹ̀ délé, n kò mọ̀ pé mò ń rìn.

Ọjọ́bọ̀, 27/8

Ọlọ́run mi.

Mo gba pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tàípù ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì, kí n lè fi kọ́wọ́ kí n tó fọwọ́ kan ti Jàpáànì. Mo tẹ mẹ́rin, mo fi wọ́n kọ́ sórí okùn ní pálọ̀ kí wọ́n gbẹ. Màmá ti oko wọlé, agbọ̀n iṣu ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ta ni eléyìí tó kúnlẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ọwọ́ wo lo fi gbé ugbá omi fún mi?"

Mo wò ó. Ọwọ́ òsì ni.

Ọ̀gá ti sọ fún wa lọ́jọ́ kìíní pé ohun tó bá wà lápá ọ̀tún pátákó, apá òsì pépà ló ń bọ́ sí. Mo mi orí pé mo gbọ́. Mo wá jókòó, mo sì gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi síbi tí ọwọ́ ọ̀tún ń wà. Ojú mi mọ́ pátákó náà débi pé nígbà tí mo rí ìtẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ìlà irun ni mò ń kà.

"Ìyàwó, kí ni mo ṣe ọ́? Ọdún mẹ́ta lo ti wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti bú ọ rí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé bí mo ṣe burú tó nìyẹn, tí o fi máa gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn, kí o fi òsì fún mi lómi lójú gbogbo Ìkẹ́rẹ́?"

"Màmá, ọ̀tún ni mo gbẹ́. Pátákó ló yí i."

"Ṣé pátákó ni mo fẹ́ fún ọmọ mi ni?"

Ó wọ yàrá lọ. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó ní òun ò jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28/8

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá. Ó wo àwòrán náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi náà wò ó, n kò rí i. Ojú mi ti di ojú àjèjì."

Ó ní bóyá ọkùnrin tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí òun náà yóò yàn, kò ní kíyè sí i.

"Màmá Jẹ́jẹ́ ńkọ́, sà?"

Ó mí kanlẹ̀. Màmá Jẹ́jẹ́ wà lára àwọn mẹ́ta tí yóò yàn. Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní Ẹmùré kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n lé ọmọ kan kúrò ní kíláàsì rí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, torí ó fi òsì na ṣọ́ọ̀kì sí wọn.

Igi tí a bá ti gbẹ́ kúrò kì í padà. Pátákó mìíràn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ èyí, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù, àwọn tó sì kù lókè àjà Bàbá Bámgbóyè, òjò ti ń jò sí wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 30/8

N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń ro Mushin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn aṣọ Precious tó ti kéré.

Ọjọ́ Ajé, 31/8

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Àwọn àlejò ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ wá kí Màmá láàárọ̀. Kó tó di pé wọ́n dé, ó lọ síbi okùn, ó sì yí gbogbo àwòrán náà, ó kọjú wọn sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìwọ̀sí rẹ̀. Èmi jókòó, mò ń fún Precious lọ́mú. Oòrùn yọ díẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí ẹ̀yìn pépà.

Mo rí ara mi. Dúdú náà ti wọ inú pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ó sì yọ lódì kejì, ó rọ̀ díẹ̀, ó sì parẹ́ láwọn ibì kan. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló gbé igbá omi. Ọwọ́ òsì mi ló di ọmọ mú. Òkè Olósùnta pàápàá ti padà síbi tí Ọlọ́run gbé e sí.

Mo kígbe. Precious figbe ta. Màmá sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ejò ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn!"

Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan ọwọ́ náà, ó wo ọwọ́ tirẹ̀, ó tún wo èyí tó wà lára pépà.

"Kí ló dé tí o ò ṣe é báyìí tẹ́lẹ̀?"

Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀yìn pépà ni màá gbé síwájú ní gbọ̀ngàn.

Ọjọ́bọ̀, 3/9

Tí pépà bá gbẹ, dúdú kò wọlé dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ tutù. Tí yíǹkì bá ki, kò rìn. Mo dín sítáàṣì kù. Mo tẹ méjìlá lórí pépà tàípù. Mẹ́ta dára ní ẹ̀yìn. Èjìká ń ro mí bí ẹni gún iyán ọdún.

Àbámẹ́ta, 5/9

Mo ti ba pépà Jàpáànì kìíní jẹ́. Mo rin ín jù. Dúdú ṣàn kọjá ààlà rẹ̀, ó gbé aṣọ Màmá mì, ó gbé ojú ọmọ mì. Mo sunkún bí ọmọ kékeré. Ẹyọ kan ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 7/9

Màmá mú èyí tó bàjẹ́, ó ń yí i kiri.

"O da omi jù. Aṣọ tí a pa ní sítáàṣì, tí a fẹ́ lọ̀, ṣé bí o ṣe ń rin ín nìyí?"

"Rárá, Màmá."

"Báwo ni?"

"A máa ń wọ́n omi sí i díẹ̀, a ó wá fi aṣọ mìíràn ká a mọ́nú kí omi lè kárí."

"Kí lo wá ń sunkún sí?"

Nígbà ayé bàbá Timothy, Màmá ló ń lọ aṣọ fún àwọn fádà. Mo gbàgbé pé ó mọ èyí jù mí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8/9

Mo fi tówẹ̀lì tútù ká pépà ìkẹyìn náà mọ́nú láti àárọ̀ kùtùkùtù títí oòrùn fi yọ dáadáa. Màmá gbé Precious fún ará ilé kejì. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di igun méjì pépà mú, èmi di méjì mú, a tẹ́ ẹ lórí pátákó. Kò sí ẹni tó mí.

Mo fi èèpo àgbàdo ra á láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń yọ. Òkè kọ́kọ́ yọ. Orí Màmá yọ. Lẹ́yìn náà ni igbá, ìka mi mẹ́rin, àtàǹpàkò. Ó dà bí ẹni pé àwọn ènìyàn náà wà nínú pépà tẹ́lẹ̀, pé wọ́n kàn ń jáde bọ̀ ni.

Nígbà tí a ṣí i, Màmá wo ara rẹ̀. Ó ní, "Ọrùn mi dára." Ó jáde lọ bu omi mu.

Àbámẹ́ta, 12/9

Mo fẹ́ kọ ọ́ kó tó kúrò lójú mi.

Àwòrán mẹ́sàn-án lára ògiri. Ti Fọlárìn, ẹni tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń sọ pé òun ni àkọ́kọ́, kún gbogbo pépà rẹ̀: ìjòyè kan lórí àga, tó ń gba obì. Màmá Jẹ́jẹ́ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìjòyè wo ló ń fi òsì gbobì ní Èkìtì?"

Fọlárìn wò ó. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, ó sì dùn mí, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára. "Pátákó ló yí i, mà."

"Kí pátákó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjòyè náà."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Fọlárìn náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ mi. Màmá Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ kí wọ́n tó wo nǹkan mìíràn.

"Pátákó tìrẹ kò yí i. Kí ló dé?"

"Ó yí i, mà. Èmi ni mo tún un yí padà."

Mo ṣàlàyé. Ohùn mi kéré, ọkùnrin Ìbàdàn ní kí n tún un sọ. Ó gbé àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ọ̀dọ̀ ìyá tí o gbé nílé rẹ̀ ni o ti mú èyí wá?"

Ọ̀gá mi orí pé rárá. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wo ọwọ́ Hisae. N kò rí i kó ṣe báyìí. Màá kọ lẹ́tà sí i lọ́la."

Ọkùnrin Ìbàdàn ní iṣẹ́ tí a tẹ̀ láti ẹ̀yìn yìí ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní, pé ó rọ̀ bí ẹni pé èémí wà nínú rẹ̀. Ẹnì kẹta, tó wá láti Adó, padà wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n jókòó wákàtí kan. Wọ́n ka orúkọ. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Orúkọ bàbá mi ni wọ́n fi pè mí, ó sì gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Ti Fọlárìn ni ìkẹta.

Nígbà tí mo wá Màmá, ó dúró ti àwòrán náà, Precious lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin márùn-ún ló yí i ká. Ó ń sọ fún wọn pé, "Èmi nìyí. Ìyàwó mi nìyí. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀." Obìnrin kan bi í bóyá ó ṣòro láti ṣe. Ó ní, "Ó ṣòro. Títí di ọjọ́ tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rin aṣọ."

Ọjọ́ Àìkú, 13/9

Mo kọ̀wé sí Timothy. Ìlà àkọ́kọ́: Wọ́n mú mi. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta sí i, ṣùgbọ́n ó lè dá kíkà rẹ̀ dúró síbẹ̀ tó bá fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 14/9

Mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn. Agogo méje kò tíì lù, ìkùukùu ṣì wà lójú ọ̀nà Adó, wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo tú Precious kalẹ̀, mo fún un lọ́mú, mo ń dúró de ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ wá.